Àwòrán gẹ́gẹ́ bí Oríkì Ilé: Iṣẹ́ Ọnà Èkìtì nínú Ilé Ìgbàlódé

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé ilé ní ìwà tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó lè mọ ìwà náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ tuntun ní Ìlógbò-Èkìtì, Ìjerò àti Àrámọ̀kọ, ohun tí àlejò ń rí ni ògiri tí a kùn, àga tìmùtìmù, tẹlifíṣàn, kàlẹ́ńdà àti òdòdó oníke. Irú wọn kan náà ló wà ní Èkó àti Àbújá. Àlejò lè jókòó títí kó má mọ̀ bóyá ilé ọdẹ ni òun wà, tàbí ilé alágbẹ̀dẹ, tàbí ilé olóyè. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àìsí ọ̀ṣọ́ kọ́ ni ìṣòro irú ilé bẹ́ẹ̀. Àìsí oríkì lára ògiri ni.

Àwòrán àti Oríkì

Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, tú ọ̀rọ̀ náà 'àwòrán' sí 'à-wò-rántí', ìyẹn ohun tí à ń wò láti rántí ẹni tàbí nǹkan mìíràn. Rowland Abíọ́dún ní tirẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2014, wo iṣẹ́ ọnà Yorùbá gẹ́gẹ́ bí oríkì. Bí a bá pa èrò méjèèjì pọ̀, a jẹ́ pé ohun tí akéwì ń fi ohùn ṣe ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi igi ṣe. Àwòrán tí kò rán onílé létí ẹnikẹ́ni kàn ń dí àyè lára ògiri ni.

Ẹ̀rí láti Ààfin

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Agbọnbíọ̀fẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà, tó kú ní 1945, gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, tó di gbẹ́nàgbẹ́nà ọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ààfin mìíràn.

Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òpó fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute of Chicago lónìí. Ọba jókòó, adé wà lórí rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn kọjá kò nílò alálàyé kó tó mọ̀ pé agbára obìnrin ló wà lẹ́yìn ìtẹ́. Lára ilẹ̀kùn ààfin náà, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́, ó tún gbẹ́ aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aláàárù gbé dání. Ọba jókòó jẹ́ẹ́. Àlejò ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ní 1924, wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley, nílùú London. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ará London ló ń wo oríkì ẹnu ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́.

Ìbẹ̀rù Ẹ̀sìn

Ọ̀pọ̀ onílé lónìí kò fẹ́ ère nínú ilé, wọ́n ní kó má di òrìṣà. Ìrírí Ọ̀yẹ́-Èkìtì dá wọn lóhùn. Níbẹ̀, láti 1947, Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ (1928–2009) ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ìmúra ọba Yorùbá wọ àwọn amòye tó wá kí Jésù. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ. Ohun tí ènìyàn ń bọ ni òrìṣà. Ohun tó ń wò láti rántí ni àwòrán.

Ọ̀nà Ìlò nínú Ilé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe 'kí ló bá àwọ̀ ògiri mu?' bí kò ṣe 'ta ni ilé yìí gbọ́dọ̀ rántí?' Ìdílé ọdẹ lè gbé iṣẹ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kó gbẹ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ sára ilẹ̀kùn pálọ̀, kódà bí ilẹ̀kùn onírin bá wà níta. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ amọ̀kòkò lè gbé ìkòkò Ìṣàn-Èkìtì síbi tí ojú àlejò yóò kọ́kọ́ bà. Àdìrẹ ìyá àgbà nínú férémù kò náni lówó púpọ̀. Ó dára kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ tan sí igi gbígbẹ́, kí òjìji lè fi ọnà rẹ̀ hàn; kí igi náà sì jìnnà sí ọ̀rinrin àti ikán. Ẹyọ kan tó ní ìtàn sàn ju mẹ́wàá tí kò ní lọ.

Ìgúnlẹ̀

Ààfin nìkan kọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí oríkì. Bí àwọn onílé kò bá gbé iṣẹ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ náà yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mùsíọ́mù òkèèrè nìkan ni a ó sì ti máa wo ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń rí ọdẹ lára ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ yóò bèèrè lọ́jọ́ kan pé, 'Ta nìyí?' Ẹni tó bá dá a lóhùn ti bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé náà nìyẹn.