Oògùn Ojú Ẹran: Ohun Tó Yẹ Kí Olùsìn Ẹran ní Tchetti Mọ̀ Kó Tó Kán an

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ọ̀nà tó lọ sí ààlà Togo, ojú ẹran a máa ṣomi. Ewúrẹ́ á di ojú kan, ìpin á gbẹ mọ́ irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, eṣinṣin á bò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá oògùn ojú tí bàbá àgbà lò kù lórí àjà, wọ́n á fún un sí i. Nígbà mìíràn ẹran á gbádùn. Nígbà mìíràn ojú á fọ́ pátápátá, oògùn náà ló sì fọ́ ọ. Nítorí irú ẹran kejì yìí la ṣe kọ ìwé yìí.

Omi kọ́kọ́

Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí lítà 1, ẹ máa dà á sójú ẹran náà díẹ̀díẹ̀ títí ìpin yóò fi rọ̀. Ẹ gbé e lọ síbi ibòji. Lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó dáadáa: ṣé ojú kan ni, àbí méjèèjì? Ṣé ẹran kan ni, àbí gbogbo agbo? Bó bá jẹ́ ojú kan lára ẹran kan, ẹ̀gún tàbí èso koríko ló sábà máa ń wà lábẹ́ ìpéǹpéjú. Kò sí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹran mẹ́ta, mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àrùn tó ń ràn ni, eṣinṣin ló sì ń gbé e kiri láti ojú dé ojú. Ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀.

Omi tábà, ata, epo kẹrosíìnì: ẹ dákun. Ohun tí ẹ kò jẹ́ kán sójú ọmọ yín, ẹ má kán an sójú ewúrẹ́.

Oògùn ọlọ́ràá tí gbogbo ayé mọ̀

Tetracycline ọlọ́ràá, ìdá 1 nínú 100, ni èyí tó wúlò jù fún ojú pípọ́n tí kòkòrò àìfojúrí fà lára màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Òun kan náà ni wọ́n ń lò fún àrùn trachoma lójú ènìyàn. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wá síta, ẹ fún oògùn tó gùn tó hóró ìrẹsì sínú àyè tó ṣí sílẹ̀ náà, ẹ pa ojú dé. Ẹnu ọ̀pá oògùn kò gbọ́dọ̀ kan ojú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ 5 sí 7, kódà bí ojú bá ti mọ́ ní ọjọ́ kejì. Ibí yìí ni wàhálà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: ojú á mọ́, wọ́n á dáwọ́ dúró, àrùn á padà. Ọ̀pá tí wọ́n bá ti ṣí ju oṣù kan lọ, ẹ jù ú nù.

Bí ẹran bá pọ̀, kò sẹ́ni tó lè máa lé ogún ewúrẹ́ kiri lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà náà dókítà ẹran lè gún wọn ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline tó ń pẹ́ nínú ara: mílílítà 1 fún kílò 10, bó bá jẹ́ èyí tí ó ní mílígíráàmù 200 nínú mílílítà kan. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ẹ má pa ẹran jẹ, ẹ má sì tà á fún alápatà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò yóò fi pé. Ọ̀pọ̀ ìgò kọ ọjọ́ 28. Wàrà náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ wá lára páálí

Bí ẹ kò bá ka Faransé, ẹ pe ọmọ iléèwé kan. Kó wá ọ̀rọ̀ tó ní *dexa*, *cortisone* tàbí *predni* nínú. Bó bá rí ọ̀kan, ẹ gbé oògùn náà sílẹ̀ títí dókítà ẹran yóò fi wo ojú ọ̀hún. Irú oògùn yìí ń pa pípọ́n ojú rẹ́ kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá wà lórí awọ mímọ́ tó bo iwájú ẹyinjú, kò ní jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jiná. Kòkòrò á máa jẹ ẹ́ lọ, ojú á lu. Dókítà ní aró kan tó ń kán sójú. Bí ọgbẹ́ bá wà, yóò hàn ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin kò lè fi ojú lásán rí i.

Ojú tó ń sọ àrùn mìíràn

Bí ewúrẹ́ bá ń ṣomi lójú, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí egbò wà lẹ́nu, tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ fi oògùn ojú sílẹ̀. PPR ni, èyí tí wọ́n ń pè ní kátà ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1942 ni wọ́n ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Àrùn fáírọ́ọ̀sì ni, kò ní oògùn tó ń pa á. Àjẹsára ló wà, èyí tó ń dáàbò bo ẹran fún ọdún 3 ó kéré tán. Ẹ tètè sọ fún òṣìṣẹ́ ẹran, torí odidi agbo ni yóò kó lọ.

Adìẹ tí ojú rẹ̀ wú, tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, lè jẹ́ pé lúkúlúkú ló mú un. Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ojú ni wọ́n ń kán àjẹsára lúkúlúkú kan sí, ẹ̀kán kan péré fún adìẹ tí ara rẹ̀ dá. I-2 ni wọ́n ń pè é. Australia ni wọ́n ti ṣe é nítorí adìẹ abúlé. Kì í ṣe oògùn ojú rárá, ojú wulẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni.

Aràn inú ojú, àti ivermectin

Màlúù lè ní aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí ẹyinjú. Eṣinṣin ló ń gbé e wá. Dókítà á yọ ọ́, tàbí kó lo levamisole tàbí ivermectin.

Ẹ ti mọ orúkọ ivermectin, ìyẹn Mectizan, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga yín kí wọ́n tó fún yín. Oògùn ẹran ló kọ́kọ́ jẹ́, ní 1981. Ní 1987 ni wọ́n gbà á fún ènìyàn, láti fi dá àrùn tí ń fọ́ni lójú létí odò dúró. Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn 7 tí ètò ìgbógun ti àrùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn ní 1974. Àwọn méjì tó ṣàwárí ivermectin, Campbell àti Ōmura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ má mu ti màlúù, ẹ má sì tọ́jú tiyín pa mọ́ fún ajá. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Bí ejò bá tu oró sójú ajá

Ejò sèbé ni. Ẹ má wá oògùn, omi ni kí ẹ bu. Ẹ máa dà á sójú náà fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbé ẹran bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ mú gbogbo páálí àti ọ̀pá oògùn tí ẹ ti lò fún un dání, kódà bó bá ti ṣófo. A kò ní bá yín jà.