Ojú Irin àti Rélùwéè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́ ni a ń wí pé "ojú irin," ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó ti béèrè ohun tí "ojú" ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí irin kò ríran.

Ojú yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń wòran. Òun ni ó wà nínú "ojú omi" àti "ojú ọ̀nà," èyíinì ni òkè ohun kan tí ohun mìíràn ń gbà kọjá. Àwọn bàbá wa, tí wọ́n ti ń wí pé "ọkọ̀ ojú omi," kò ní láti wá orúkọ jìnnà fún èyí tí ń sáré lórí irin. Ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ̀ náà. Ojú irin ni ọ̀pá irin méjì tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un. (Kí òǹkàwé kíyè sí ohùn: bí a bá pè é ní "ìrìn," ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín.)

"Rélùwéè," tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ni rélùwéè, ọ̀nà rẹ̀ ni rélùwéè, àwọn tí ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ni rélùwéè. Nígbà tí a ń tẹ́ irin láti Èkó ní 1896, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, kò sí ìpalára nínú èyí, nítorí irin àti ọkọ̀ jọ dé ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wọ́n, àwọn ènìyàn wí pé: "Rélùwéè ti kú." Ọ̀pọ̀ sì pàtẹ ọjà wọn sí ojú irin l'Ékòó. Ọkọ̀ ni ó rẹ̀. Irin kò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Júùnù 2021, irin titun láti Èkó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò déédéé. Fífẹ̀ ti àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀. Ti titun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àbọ̀, ọkọ̀ tí ń gùn ún sì yára jù ti àtijọ́ lọ.

Nítorí náà, bí a bá ń kìlọ̀ fún ọmọ, kí a má ṣe wí pé "Ṣọ́ra fún rélùwéè" nìkan, nítorí fèrè ọkọ̀ ni yóò máa retí kí ó tó dìde. Kí a wí fún un pé: "Má jókòó lójú irin."