Kì Í Ṣe Gbogbo Apá Tó Kú Tipiri Ni Ọfà Ayé

Bí ẹni tí ń kọ ẹyìn ní Ìlútítun bá gbé apá sókè, tí ọmọńdinrín rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e kú tipiri, kíá ni ará ilé yóò sọ pé ayé ló ta á lọ́fà. Ẹ̀yin ará, àìsàn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Thoracic outlet syndrome ni àwọn dókítà ti ń pè é láti 1956. Láàárín egungun tó dábùú òkè àyà àti egungun ìhà àkọ́kọ́ ni okùn ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé apá. Bí àyè náà bá há, wọn a fún pọ̀. A bí ẹlòmíràn pẹ̀lú egungun àlékún lọ́rùn. Jàǹbá ọkọ̀ tàbí iṣẹ́ àṣekára ló ń fa ti ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdárayá tí onífisiotẹ́rápí bá kọ́ni, fún oṣù mélòó kan, ń tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ní sùúrù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dùn nígbà ìyìn lè sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí apá bá ṣàdédé wú, tó yọ àwọ̀ aró, tàbí tó tutù tó sì funfun, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba l'Ókìtìpupa lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè darí rẹ̀ sí ibi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà wà, bíi UCH n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin àlùfáà, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti gbàdúrà fún un.