Omi Ti Ń Fà: Kí Ni Ká Gbìn, Kí Ni Ká Fi Pamọ́?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tó wà létí odò Ògùn, láti Abẹ́òkúta lọ sí ìsàlẹ̀ odò, omi ti ń fà, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń bi wá bóyá ẹ lè gbin irúgbìn àgbàdo tí a pín fún yín báyìí. Ibi tí oko yín wà ló máa dá yín lóhùn.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkè, tí omi kàn gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi àgbàdo náà pamọ́. Èyí tó tètè ń gbó pàápàá ń fẹ́ nǹkan bí 90 ọjọ́, òjò wa sì máa ń dá lóṣù kọkànlá. Èyí tí ẹ bá gbìn ní ìparí oṣù kẹwàá kò ní tíì yọmọ tí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ ó sì pàdánù irúgbìn àti owó iṣẹ́ pọ̀. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ dé e típẹ́típẹ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé, títí òjò oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ mìíràn, oògùn ló wà lára rẹ̀. A mọ̀ pé ebi wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ má sè é jẹ, ẹ má sì fi fún adìyẹ.

Ti àkùrọ̀ yàtọ̀. Omi tó ba oko jẹ́ náà ló fi ọ̀rinrin sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀hún sì lè mú nǹkan jáde nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un lọ́wọ́. Bí omi bá ń ro, ó ṣì yá jù. Gbòǹgbò yóò jẹrà. Bó bá fọ́n ká bí iyanrìn, ọ̀rinrin ibẹ̀ kò ní pẹ́ tán. Bó bá dì, tí omi kò ro, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti dé ọjà. Ewédú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilá. Kúkúndùnkún náà dára lórí ebè gíga. Ẹ wá ìtàkùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí omi kò dé oko rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti lè bomi rin nǹkan ọ̀gbìn nìkan ni kí ẹ gbin díẹ̀ nínú àgbàdo náà sí. Ẹ̀fọ́ tí omi bò ńkọ́? Ẹ tu ú dànù. Omi yẹn gba inú ṣáláńgá kọjá kó tó dé oko yín.

Ẹ má tíì náwó sí etí odò gan-an. Bí dáàmù Ọ̀yán bá kún, wọn a máa tú omi rẹ̀ sílẹ̀, odò a sì tún kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa gbọ́ rédíò.

Ẹ̀gẹ́ ni kò gba ìdúró rárá. Èyí tí omi dúró lé lórí fún ọjọ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà nínú ilẹ̀, kódà bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ wú ọ̀kan wò lónìí. Bó bá ṣì le, ẹ wú gbogbo rẹ̀. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn, ẹ má fi ṣe gàrí. Àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé ẹ ò lè dúró, ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n ń dá fi ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Lójú tèmi, láfún ló lè gbà yín lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ ẹ̀gẹ́ náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kànga tí àgbàrá kò wọ̀, ẹ sá a sórí àpáta tàbí orí tapólì. Ẹ fi ọ̀wẹ̀ ṣe é, kí iṣẹ́ náà má bàa pọ̀ jù fún ilé kan. Láfún tó gbẹ dáadáa yóò dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ó sì tà á nígbà tó bá wọ́n. Igi ẹ̀gẹ́ tí omi rì, ẹ má fi ṣe irúgbìn. Ẹ gé tuntun láti oko òkè, èyí tó ti tó oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ dì í, kí ẹ gbé e ró lábẹ́ ibòji.

Ẹni tó bá gbin àgbàdo sí àkùrọ̀, kó máa retí kòkòrò ajẹgbàdo tó wọ Nàìjíríà ní 2016, nítorí àgbàdo tútù kì í pọ̀ níbòmíràn nígbà náà. Àmì bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò wà níwájú orí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Ẹ wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ tó bá wà lára ewé pa, kí ẹ bu eérú tàbí iyanrìn sínú ọkàn àgbàdo. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́ tó bá ti dàgbà wọnú ọkàn lọ; ìgbà tó bá ṣì kéré ni kí ẹ fín in, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bi òṣìṣẹ́ OGADEP léèrè kí ẹ tó rà á. Ike oògùn tí omi gbé wá, ẹ má fi bu omi mu láé.

Koríko tútù tó ń hù níbi tí omi ti dúró máa ń wu ewúrẹ́ àti àgùntàn, ṣùgbọ́n inú ìgbín wẹ́wẹ́ inú irà ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ wọn ti ń wá. Ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ fún wọn ní ewé agúnmaníyè àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá gbẹ. Èèpo tútù lè pa wọ́n, èyí tó bu kò sì dára. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Àìsàn tí ikun fi ń dà nímú ẹran, tí ẹnu fi ń bó, tí ìgbẹ́ fi ń ya nìyẹn, kò sì ní oògùn tó ń wò ó.

Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà ti fẹ́ yọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò tíì lè fò, ṣe ni wọ́n ń kóra jọ sórí koríko. Ní òwúrọ̀ kùtù, tí ara wọn ṣì tutù, ni kí ẹ gbá wọn jọ pa. Gbogbo abúlé ni kó ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ fi tó olùdarí ìjọ yín létí, kó lè ránṣẹ́ sí wa.