Ìgbáradì fún Iṣẹ́ Olùkọ́: Ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì àti Lẹ́yìn Kọ́lẹ́ẹ̀jì



Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá: ohun tí ó yẹ kí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti èyí tí kò lè ní àfi lẹ́yìn tí ó bá ti jáde. Èrò tèmi ni pé a ti tẹra mọ́ apá kìíní gidigidi, ṣùgbọ́n a ti fi apá kejì sílẹ̀ fún orí olúkúlùkù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ń ṣe é. Ní ìgbà àwọn ilé-ìwé ìjọ, ọmọ tí ó bá ka ìwé mẹ́fà yanjú a máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lábẹ́ ojú ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ iṣẹ́ náà, yóò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fún ọdún méjì, yóò gba ìwé-ẹ̀rí Gírédì Kẹta, yóò sì padà sí kíláàsì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún lè lọ lo ọdún méjì mìíràn fún Gírédì Kejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, wà lára àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn jù fún kíkọ́ àwọn olùkọ́. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára ju tiwa lọ o: owó oṣù kéré, ẹgba pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a sì ń kọ́ ọmọ kò kan ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò náà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Olùkọ́ a máa gbé ìbéèrè láti inú kíláàsì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fún un nípa ọmọ tí kò tètè mọ̀wé, ojú ọmọ kan pàtó ni yóò máa rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó yí ètò náà padà. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí iye wọn tó nǹkan bí 457,000 ní 1954 ju 800,000 lọ ní ọdún kan péré. Ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1976. Ìgbìmọ̀ Ashby ti jábọ̀ ní 1960, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí N.C.E. sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Nígbà tí ó di 1977, ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa là á sílẹ̀ pé N.C.E. ni yóò di ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù fún olùkọ́. Ìpinnu rere ni. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ tí ó ń fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lónìí ń ti ilé-ìwé girama bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tààrà, kò sì ní í dúró níwájú kíláàsì títí di ìgbà ìdánrawò ìkọ́ni: sáà kan fún àwọn N.C.E., ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀pọ̀ yunifásítì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan láti wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń ṣe ìdánrawò. Ìṣirò àyọkúrò ni ó ń kọ́ wọn: 52, yọ 27 kúrò. Ọmọkùnrin kan kọ 35. Olùkọ́ fagi lé e, ó padà sí ojú pátákó, ó sì tún àlàyé àkọ́kọ́ ṣe bí ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí ó ròkè díẹ̀ sí i. Ọmọ náà tún kọ 35.

Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó rí 2 àti 7, ó yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó pọ̀, ó ní 5. Ó rí 5 àti 2, ó ní 3. Òfin ni ó ń tẹ̀lé, ó sì ń tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ti rí ogún ọmọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí kò ní í rí i nínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí a ń kà fún ìdánwò. Ohun tí ó tún dùn mí ni pé ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí. 27 ni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: orúkọ rẹ̀ ti sọ pé ó ku mẹ́ta kí ó pé ọgbọ̀n. Láti ọgbọ̀n dé méjìléláàádọ́ta jẹ́ méjìlélógún. Fi mẹ́ta náà kún un, ó di márùndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá (àwọn ọmọ ìgboro tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ sì ń pọ̀ sí i) ti ń ṣe àyọkúrò lẹ́nu kí ó tó fọwọ́ kan ìwé.

Bákan náà ni ọmọ tí ó ń lo ‘he’ fún ìyá rẹ̀ nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àìfiyèsí. ‘Ó’ kan náà ni a ń lò fún takọtabo ní èdè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà nídìí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀ láti 1970, mọ èyí dájú. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo máa ń ní kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ àṣìṣe àwọn ọmọ sínú rẹ̀, àti ohun tí ó rò pé ó fà á. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nígbà ìsinmi, ì báà ṣe ọmọ mẹ́ta péré. Kí ó mọ iṣẹ́ tí yóò kọ́ni dájú. Èyí kò nílò àlàyé.

Lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọ̀rọ̀ le. Dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń lo ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà kí ó tó gba àṣẹ kíkún. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà kì í gba òmìnira láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí ó kún jù, tí àwọn àgbà olùkọ́ ti sá fún, ni a sábà máa ń fún olùkọ́ tuntun. Ọ̀gá yóò buwọ́ lu lẹ́sìn nóòtù rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wọlé wò ó mọ́. Àwọn agùnbánirọ̀ tí a ń rán lọ sí ilé-ìwé láti 1973 wá, tí ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá, tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 1993 tí ó dá T.R.C.N. sílẹ̀ mú kí a máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ó dára; ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò lè jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a dín iye iṣẹ́ olùkọ́ tuntun kù fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí a yan àgbà olùkọ́ kan ní ilé-ìwé náà tì í, kí a sì fún àgbà náà ní àkókò fún un. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó kọ́ ọ sì bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún àkọ́kọ́. Wọn yóò ní kò sí owó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò wọ́n wa: N.U.T. ti wà láti 1931, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láti 1957, Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè náà ń bẹ. Ó tọ́ kí a jà fún owó oṣù ní ìpàdé. Ìdajì wákàtí tún lè wà fún ìwé kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí olùkọ́ méjì láti ilé-ìwé méjì pàṣípààrọ̀ tiwọn ní òpin sáà, kí wọ́n wo 35 tí ọmọ tiwọn náà kọ.