Iṣẹ́ Alárinà Tí Kì í Yẹ̀bá

Láyé àtijọ́, ìdílé tó bá rí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ fún ọmọkùnrin wọn kì í ṣàdéédé lọ kanlẹ̀kùn. Alárinà ni wọ́n ń rán. Kí alárinà yìí tó la ẹnu rárá, yóò ti wádìí: ṣé àìsàn kan ń bẹ nínú ẹbí náà? Ṣé wọ́n jẹ gbèsè? Báwo ni ìyá ọmọ ṣe ń bá àwọn orogún rẹ̀ gbé? Ohun tó bá rí ni yóò gbé padà wálé, ìbáà dùn, ìbáà korò. Ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́ pé ọkọ níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ìyàwó wọlé tí kò bá iṣẹ́, orúkọ òun ni ẹbí méjèèjì yóò máa bú.

Ọmọ tó ń kọ́ PR (Public Relations) ní ẹ̀ka Communication and Language Arts ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí Mass Communication ní Pólì Ìbàdàn, iṣẹ́ yìí gan-an ló ń kọ́. Ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba ni ẹbí kan, aráàlú ni ẹbí kejì, òun ló wà láàárín. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹnu dídùn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn, tàbí bí wọ́n ṣe ń ki owó sínú àpòòwé fún oníròyìn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Ní 1963, John Marston, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, kó iṣẹ́ náà sínú lẹ́tà mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń há sórí dòní: RACE (Research, Action, Communication, Evaluation). Ìwádìí ló ṣáájú, ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ sísọ ṣe ìkẹta, kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ọ̀rọ̀ sísọ tí gbogbo ayé rò pé òun ni iṣẹ́, ipò kẹta ló wà! Ní 1978, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ PR lágbàáyé pàdé ní Mexico, wọ́n fẹnu kò pé ire ilé-iṣẹ́ àti ire aráàlú ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá.

Aráàlú yìí pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Ká ní ìjọba fẹ́ tún ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ṣe. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń rò ó pé ṣé òun á padà rí ìsọ̀ òun. Awakọ̀ tó gbé ẹ̀wà àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya ń wá ibi tí yóò páàkì sí. Ẹni tó ń gbé ní ẹsíteètì fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Agbowó ń bẹ̀rù kí oúnjẹ má wọ́n sí i. Ẹni tó bá kọ ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ti ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ohun kan bú gbàù ní òpópónà Adéyí, Old Bódìjà. Ilé wó, ilẹ̀ mì dé àdúgbò tó jìnnà, olúkúlùkù ń méfò ohun tó fà á. Ṣèyí Mákindé, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dé ibẹ̀ lóru náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò bófin mu ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀, pé èèyàn méjì ti kú, 77 sì fara pa, pé ìjọba yóò san owó ìtọ́jú wọn. Iye àwọn tó kú ṣì lé sí i lẹ́yìn náà, ó sì yẹ kí wọ́n tún un sọ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú níbẹ̀ rèé: sọ èyí tó o mọ̀ kíákíá, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwádìí kò tíì parí, kó o sì padà wá. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1906, ọkọ̀ ojú irin ilé-iṣẹ́ Pennsylvania já bọ́ lórí afárá ní Atlantic City, ní Amẹ́ríkà, ó pa èèyàn tó lé ní 50. Àṣà ilé-iṣẹ́ nígbà náà ni kí wọ́n sá fún oníròyìn. Ivy Lee, tó ń ṣiṣẹ́ PR fún ilé-iṣẹ́ náà, ní kí wọ́n kó oníròyìn lọ síbẹ̀, ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

Ibì kan wà tí alukoro, ìyẹn oníṣẹ́ PR, ti yàtọ̀ sí alárinà. Bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Alukoro kò gbọ́dọ̀ yẹ̀bá. Nígbà tí kámẹ́rà ti kúrò ní Bódìjà, àwọn tí ilé wọn wó ṣì ń béèrè owó ìrànwọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa gbé ìbéèrè wọn wọ ọ́fíìsì, kó máa gbé èsì jáde.

Ní Nàìjíríà, òfin ti wà lórí iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ náà dá sílẹ̀ ní 1963 ló di Nigerian Institute of Public Relations (NIPR), òfin 1990 sì fún un láṣẹ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ sílẹ̀, kó sì máa mójú tó ìwà wọn. Nítorí náà, bí ọmọ bá gba oyè tán ní yunifásítì, iwájú NIPR ló kù tí yóò lọ.