Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì

"Ẹ wo èyí, ó bọ́ sínú èyí, ó wá di èyí." Bí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ yunifásítì ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì bá ti wà lọ́wọ́ wa. A kọjú sí pátákó, a kẹ̀yìn sí igba akẹ́kọ̀ọ́, à ń nàka. Ẹni tí kò ríran nínú wọn kò mọ ohun tí "èyí" jẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, tó jẹ́ pé ẹnu wa ló ń wò, ti pàdánù ọ̀rọ̀ látìgbà tí a ti yíjú sí ògiri. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, kò sàn ju àwọn méjèèjì lọ.

Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mò ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lágbègbè Ìkòròdú, Agric ni ilé mi wà. Láàárọ̀, èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi la jọ ń du dáńfó ní ibùdókọ̀ Agric. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ ohun tí wọn ò jẹ́ sọ fún mi ní kíláàsì: ẹni tó ti bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọjà kó tó jáde, ẹni tó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹni tó ń wá ẹni tó máa yá a ní handout kó lè fi fóònù yà á. Tí wọ́n bá ní kí olùkọ́ kọ́ gbogbo èèyàn láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ owó ni aráàlú kọ́kọ́ máa ń rántí, wọn ò sì jẹ̀bi. Ní 2011, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) kúrò ní ₦25,000, ó di ₦193,750 sí ₦348,750, bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá ṣe rí. Àwọn tó ń wọlé dín kù gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn títí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá fi dá a padà sí ₦25,000 ní 2014. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní èlé, tí àjọ NELFUND ń bójú tó, jáde ní 2024. Ti àwọn tí kò ríran náà kò gbẹ́yìn: ní 2017 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, kí wọ́n lè fi Bíréèlì ṣe ìdánwò, tàbí kí wọ́n máa ka ìbéèrè sí wọn létí.

Gbogbo èyí dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń wọlé ni. Tí ọmọ náà bá ti wọlé tán, ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí, kò sì sí òfin kankan tó lè dúró ti èmi àti pátákó mi láago mẹ́jọ àárọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe kò gba owó ìjọba. Ohunkóhun tí mo bá kọ sójú pátákó, mo máa ń kà á sókè, lẹ́yìn náà ni màá kọjú sí wọn kí n tó ṣàlàyé. Mo máa ń fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ni, mi kì í ya fọ́tò rẹ̀: fóònù tó ń kàwé sí afọ́jú létí kì í rí ọ̀rọ̀ inú fọ́tò ìwé àfọwọ́kọ kà dáadáa, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kì í sì í jẹ dátà bíi fọ́tò. Nítorí ẹnì kan ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló ń lò ó báyìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Okebukola kan náà ló dá ọ̀nà ìkọ́ni kan sílẹ̀ ní LASU tí wọ́n ń pè ní CTCA (Culturo-Techno-Contextual Approach). Kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó pé, olùkọ́ á ti sọ àkòrí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á ní kí kálukú lọ wádìí ohun tí àṣà ilé rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì wo fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá dé kíláàsì, wọ́n á pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ẹni tó já fáfá àti ẹni tó ń tiraka á jọ wà pa pọ̀. Olùkọ́ á mú àpẹẹrẹ láti àyíká, á sì bu àwàdà mọ́ ọn. Tó bá yá, àkópọ̀ ẹ̀kọ́ á wọ fóònù wọn ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀.

Mo gbé e dán wò nígbà tí a dé orí bí a ṣe ń yan ẹja gbẹ. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í lanu sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí ó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní, "Mà, iná ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ le. Tó bá le, ara ẹja á yí, omi á há sínú, tó bá di ọjọ́ mélòó kan á bu." Ohun tí mo fẹ́ fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé nìyẹn. Tí ooru bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, ẹran òde á gbẹ kọjá bó ṣe yẹ, á di èèpo líle, omi inú kò ní rí ọ̀nà jáde, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì rí ibi gbé. Láti ọjọ́ náà, òun ni ọ̀wọ́ tirẹ̀ máa ń rán níṣẹ́ pé kó bá wọn dáhùn.

Ẹ̀rí pé èdè abínibí ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yéni ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, Ìkòròdú kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ẹ̀gùn, Ìgbò àti Ìjọ́ wà nínú kíláàsì mi, mi ò sì ní fi Yorùbá ti àwọn wọ̀nyẹn síta bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti àwọn yòókù. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á fi èdè tó bá yé wọn rò ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni sọ pé mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Mo ní kó gba ìbéèrè ìdánwò mi wò. Ó wò ó, ó ní ó le. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn, máàkì kan náà ló wà níbẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ mi ò tó ni bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara láti 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù, jáde ní January 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún wọn ṣe kí àwọn tó ní ìpèníjà ara lè máa wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé láti 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e gun òkè lọ sí kíláàsì, wọ́n á tún padà wá gbé kẹ̀kẹ́. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe táíḿtébù, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n fún wa ní yàrá kan nísàlẹ̀, tí fáànù rẹ̀ ò yí. Mo padà lọ bá a, ó ní ti fáànù, lẹ́tà tirẹ̀ tún yàtọ̀.